Ìkéde Nípa Ìyá Onílé Tó Dógò Nínú Ilé Ara Rẹ̀

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdó-Ọsàn, tọkùnrin tobìnrin, onílé àti ayálégbé, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń gúnyán, kó fi ọmọ odó sílẹ̀. Ẹni tó ń sá fún olówó rẹ̀, kó dúró síbi tó sá pamọ́ sí. Etí rẹ̀ nìkan la fẹ́.

Láṣebìkan ọmọ Àjàdí, akéde ìlú yín, ló ń ké. Ohun tó ń lù yìí kì í ṣe agogo. Ìdérí ìkòkò ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ má béèrè. A ó débẹ̀.

Ìkéde méjì ló wà lẹ́nu akéde ní Ọjọ́ Ìsinmi òní. Àkọ́kọ́ ni òfin tí ìgbìmọ̀ ìlú ṣe lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Ìkejì ni èyí tó pa òfin náà. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni òfin ọ̀hún lò láyé. Ẹnu tó pọ̀ ọ́ náà ló padà wá lá a!

Kí ẹni tó ti oko dé lánàá má baà sọnù, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ láti ìdí. Morádékẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Nọ́ọ̀sì, ló gbẹ̀bí fún ìyá ìdajì ìlú yìí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jọ, ó yá mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ náírà kún un lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó kọ́ ilé yàrá mẹ́fà sí Ìsàlẹ̀ Ọgbà. Ó ń gbé ọ̀kan, ayálégbé ń gbé márùn-ún. Yàrá kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà lóṣù. Yàrá márùn-ún, ọ̀kẹ́ méjì. Ọ̀kẹ́ méjì náà gan-an ni ẹgbẹ́ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù. Ìṣirò náà dùn lórí ìwé. Àmọ́ èèyàn ló ń gbé inú yàrá, ìwé kọ́.

Yàrá mẹ́ta ń san. Ọlọ́run á bù kún wọn, wọn kò sí nínú ìkéde yìí. Yàrá kìíní ni Ládiméjì ń gbé, ọmọ Olóyè Ọ̀tún Gbádégẹṣin. Baba rẹ̀ ló ṣe onídùúró fún un lọ́jọ́ tó gba yàrá. Oṣù mọ́kànlá ni Ládiméjì kò tíì san kọ́bọ̀. Ó ra aṣọ. Ó ra bàtà. Ó ra tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi gbé e wọlé. Yàrá karùn-ún náà jẹ oṣù mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká fi ti onítọ̀hún sílẹ̀ ná.

Ta ni alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù? Olóyè Ọ̀tún ni! Ọwọ́ ta ni ìwé ilé Ìyá Nọ́ọ̀sì wà? Ọwọ́ Olóyè Ọ̀tún ni! Ta ni alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin fún wa? Ẹ ti mọ̀. Ọmọ ń jẹ owó ilé mọ́lẹ̀ ní yàrá kìíní, baba ń fi lẹ́tà lé ìyá onílé kiri ní yàrá kẹfà. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn sọ ọ́ ṣókí: ọ̀kẹ́ mẹ́fà, kí oòrùn Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó wọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé di ti ẹgbẹ́.

Ìyá Nọ́ọ̀sì kò pe ọlọ́pàá. Owó tí ọlọ́pàá máa fi ra epo sọ́kọ̀ lè ju owó ilé lọ. Àṣà àwọn baba wa ló rántí: ó dógò. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí ẹ kò bá mọ dógò, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó á ká ẹní rẹ̀, á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. Kò ní jà. Kò ní bú èèyàn. Á kàn jókòó. Oúnjẹ onígbèsè lá máa jẹ, adìyẹ onígbèsè lá máa pa, títí ojú á fi ti onítọ̀hún débi tó fi máa sanwó. Irú ẹni tó jókòó bẹ́ẹ̀ là ń pè ní ológò.

Ibi tí ìyá ti ṣì í nìyí: ẹnu ọ̀nà onígbèsè, inú ilé ara rẹ̀ ló wà! Ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fi owó ara rẹ̀ kọ́, níwájú yàrá kìíní. Ládiméjì rò pé atẹ́gùn ló ń gbà. Ó kí i pé ẹ kú atẹ́gùn mà, ó sì ré e kọjá. Lọ́jọ́ kejì, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ tì í. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní kó bá òun ká aṣọ bí òjò bá ṣú. Ológò di ọdẹ aṣọ́lé, kò sì sí ẹni tó sanwó ọdẹ fún un. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, inú bí i, ó pa àkùkọ Ládiméjì, ó fi se ọbẹ̀.

Ládiméjì ké gbàjarè lọ sílé baba rẹ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó. Wọ́n jókòó fún wákàtí mẹ́rin, wọ́n jẹ odindi ewúrẹ́ kan, wọ́n sì dájọ́. Wọ́n ní èèyàn kì í dógò ti ara rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀, ara rẹ̀ ló ń sin lówó. Nítorí náà, Ìyá Nọ́ọ̀sì ló jẹ Ìyá Nọ́ọ̀sì ní gbèsè! Kí àwọn méjèèjì lọ yanjú ara wọn nílé! Ní ti àkùkọ, kó lọ bẹ àwọn adìyẹ tó kù!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Òfin tí wọ́n so mọ́ ìdájọ́ náà nìyí, bí akéde ṣe ké e láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun:

Òfin kìíní! Onílé kò gbọdọ̀ béèrè owó ilé lọ́jọ́ Ajé, kó má baà ba ọ̀sẹ̀ jẹ́. Kò gbọdọ̀ béèrè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó má baà ṣẹ́gun ayálégbé. Ọjọ́rú, ọjọ́ rúdurùdu ni. Ọjọ́ Ẹtì, àwọn kan ń kírun. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìnáwó wà. Ọjọ́ Ìsinmi, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́. Ọjọ́bọ̀ nìkan ló kù, láàárín aago méjì sí aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán, bí ayálégbé kò bá sí nílé. Ìjìyà: onílé tó bá rú òfin yìí á máa pọn omi ìwẹ̀ fún ayálégbé rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni o!

Òfin kejì! Kí onílé tó dárúkọ owó, kó kọ́kọ́ kí ayálégbé kú iṣẹ́. Kó kí i kú ìnáwó. Kó béèrè ìyàwó, kó béèrè ọmọ, kó béèrè àna. Bí ayálégbé bá wọlé lọ kí ìkíni tó parí, kí onílé bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òfin kẹta! Láti òní lọ, owó ni ìkíni. Ẹ kú iṣẹ́ mà kan, àádọ́ta náírà. Ìdọ̀bálẹ̀ kan, igba náírà. Ẹran Iléyá tàbí ìrẹsì Kérésìmesì, oṣù kan gbáko. Inú owó ilé ni kí wọ́n ti máa yọ ọ́. Kí akéde tó ké òfin yìí tán, Ládiméjì ti dọ̀bálẹ̀ nígbà mẹ́rìnlá. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó.

Òfin kẹrin! Bí òrùlé bá jò, ọjọ́ mẹ́ta ni onílé ní láti tún un ṣe. Bí owó ilé bá jò, ọdún mẹ́ta ni kó fi ní sùúrù. Ìjìyà: wọ́n á ṣí páànù orí yàrá onílé fúnra rẹ̀, kó lè mọ bí òjò ṣe rí!

Òfin karùn-ún! Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò sí nínú òfin kìíní. Kò sí nínú òfin kejì. Ẹgbẹ́ kì í gba ẹ kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ kì í gba ìdọ̀bálẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ni ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta!

Òfin kẹfà! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dógò nínú ilé ara rẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹni tó bá láyà, kó gbé ẹní rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ṣe onídùúró fún ayálégbé rẹ̀. Kí onídùúró máa bọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, bí àṣà. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ré ológò kọjá. Ìjìyà: màlúù kan, màlúù tó sanra!

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Onídùúró ìlú yìí, àwọn olóyè ni. Ta ló máa gbé ẹní lọ sẹ́nu ọ̀nà olóyè? Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n lójú ara wọn. Ewúrẹ́ tí wọ́n jẹ gbọ́n jù wọ́n lọ.

Nígbà tí akéde dé Ìsàlẹ̀ Ọgbà, Ìyá Nọ́ọ̀sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di ìgbálẹ̀ mú. Ó ní kí akéde jọ̀ọ́, kó tún òfin kẹfà ké. Akéde tún un ké. Ó ní kó tún un ké lẹ́ẹ̀kan sí i, pé etí àgbà kò dá ṣáṣá mọ́. Akéde tún un ké, tìkanratìkanra. Ìyá dúpẹ́, ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó sì wọlé lọ ká ẹní.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà nílé Olóyè Ọ̀tún. Ó ti mọ ti ẹ̀yìn pa nítorí olè. Iwájú èyí tó kù ni Ìyá Nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹní sí, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Olóyè fẹ́ jáde lọ sípàdé. Kò gbọdọ̀ ré ológò kọjá. Ó ní kí ìyá sún díẹ̀. Ìyá fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé òfin ìgbìmọ̀ lòun ń pa mọ́, òun kò sì fẹ́ kó Olóyè sí wàhálà màlúù. Ìyàwó Olóyè gbé oúnjẹ jáde. Ìyá jẹ ẹ́, ó dúpẹ́, ó ní iyọ̀ kò tó.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ẹní ti di méje. Olóyè ló máa ń ṣe onídùúró fún gbogbo ẹni tó bá ti dọ̀bálẹ̀ fún un, kì í sì í rántí wọn lọ́jọ́ kejì. Àwọn onílé wọn rántí. Baba arúgbó tó ní yàrá méjì péré wá. Opó tó fi ilé ọkọ rẹ̀ yáwó wá. Ẹni méje, oúnjẹ mọ́kànlélógún lóòjọ́! Àká iṣu Olóyè ń fẹ̀ sí i, nítorí kò sí iṣu nínú rẹ̀ mọ́. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, ẹ̀yin ará.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, Olóyè ké sí ọmọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ohùn rẹ̀ dé ọjà. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n Ládiméjì jáde láti lọ tà á. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n tún fi gbé e. Ojú fèrèsé yẹn náà ni Olóyè ti na ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́rùn-ún náírà sí Ìyá Nọ́ọ̀sì, oṣù mọ́kànlá láìdín kọ́bọ̀. Àwọn mẹ́fà tó kù, ó tọwọ́ bọ̀wé fún wọn pé wọ́n á gba tiwọn kí oṣù tó parí.

Ìyá ká ẹní, ó lọ sílé. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó ọ̀kẹ́ mẹ́fà. Ó ku ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gbọ̀n. Owó oṣù mẹ́rin yàrá karùn-ún ni.

Ẹ gbọ́ o. Ta ló ń gbé yàrá karùn-ún? Láṣebìkan ọmọ Àjàdí ni. Akéde ni! Ẹni tó ti ń bú onígbèsè láti ìbẹ̀rẹ̀ ìkéde yìí, òun náà ni. Ẹ rẹ́rìn-ín wàyí. Ẹ rín in tán kíákíá.

Akéde rò pé ìyá á wá dógò ti òun. Ó ti ro ohun tó máa sọ. Ìyá kò wá. Nígbà tí akéde yọjú, ẹrù ló ń dì. Ó ti kó àwo sínú agbọ̀n, ó ti yọ kọ́tìnnì. Kò dárúkọ owó. Ó kí akéde kú iṣẹ́, ó ní ọwọ́ òun kò lágbára mọ́, kó jọ̀ọ́ kó bá òun so okùn. Obìnrin yìí ló gba akéde lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, Àjàdí baba akéde kò sì sanwó ìgbẹ̀bí náà títí tó fi kú. Ojú ti akéde. Ó fi okùn sílẹ̀, ó jáde.

Ó gbé agogo tí baba rẹ̀ lù fún ogójì ọdún, ó gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ fún un ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Ẹgbẹ̀rún méjì tí Olóyè san fún un láti ké òfin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló fi kún un. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí ìyá ka ọ̀kẹ́ mẹ́fà síwájú akọ̀wé ẹgbẹ́. Ilé ṣì jẹ́ ti Ìyá Nọ́ọ̀sì, títí di ìparí oṣù tó ń bọ̀, tí wọ́n á tún béèrè ọ̀kẹ́ méjì.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ní kí akéde ké e: òfin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kú! Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ìkẹfà mọ́. Ìkẹfà! Ìkẹfà! Ìkẹfà! Akéde ti dárúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí arúgbó tó gbé ẹní bọ̀ lọ́nà ilé yín, ẹ gbé omi kaná.

Ìdérí tí akéde ń lù yìí, ti Ìyá Nọ́ọ̀sì ni. Ó fi yá a láàárọ̀ yìí, ó ní kó dá a padà kí ìrẹsì òun tó hó. Akéde á dá a padà. Òní ni o, kì í ṣe oṣù tó ń bọ̀!

Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tó sùn. Ẹni tó jẹ gbèsè, kó sọ fún ara rẹ̀. Láṣebìkan ti ké tirẹ̀, ó ń sáré lọ sílé.