Òwú Tó Sín Lórí Ìwọ̀n

Àpò òwú kan ṣoṣo ló kù tí Oníwọ̀n ò tíì wọ̀n, ọkọ̀ akẹ́rù sì ti fẹ́ dé. Ó fi ẹ̀wọ̀n fà á sókè lórí ìwọ̀n. Bó ṣe ní kóun wo iye tó wọ̀n, àpò náà sín.

Oníwọ̀n dúró, ó wo àpò náà yípo. "Òwú kì í sín," ló sọ fún ara rẹ̀.

Àpò tún sín.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Òwú ni."

"Òwú wo ló ń sọ̀rọ̀?"

"Òwú tó dáa. Wọ̀n mí, kí o jẹ́ n máa lọ."

Oníwọ̀n sọ àpò kalẹ̀, ó tú ẹnu rẹ̀. Orí àgbàlagbà kan yọ síta, irùngbọ̀n rẹ̀ kún fún òwú. Àgbẹ̀ tó máa ń kó òwú wá fún un lọ́dọọdún ni.

"Bàbá, kí lẹ ń wá nínú àpò?"

"Òkè òkun ni mò ń lọ. Di ẹnu ẹ̀ padà, atẹ́gùn ń wọlé."

"Ẹ fẹ́ lọ ṣe kí ni?"

"Àwọn tó ń fi òwú mi rán ṣòkòtò ni mo fẹ́ lọ bá. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín àwa àti wọn."

"Irú ọ̀rọ̀ wo?"

Bàbá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹgbẹ́ àwa tó ń gbin òwú fẹ́ fi mí ṣe alága. Ṣòkòtò tuntun ni mo wọ̀ lọ. Wọ́n ní òkè òkun ló ti wá. Mo ní kí n tẹrí ba kí n dúpẹ́ ni, ìdí ṣòkòtò bá ya, fàà, látòkè délẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn mi ni wọ́n wá fi ṣe alága. Wọ́n ní òun nìkan ni kò sá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kí ló kan òwú níbẹ̀?"

"Òwú mi ni kẹ̀. Ibì kan ni wọ́n ti ń ran án, ibòmíì ni wọ́n ti ń hun ún, ibòmíì ni wọ́n ti ń rán an, ibòmíì ni wọ́n ti ń so bọ́tìnì mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú wọn ló ń ṣe mí níkà. Tí mi ò bá bá òwú rìn, báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni náà?"

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀rọ tó ń yọ kóró ni wọ́n máa kọ́kọ́ dà yín sí."

"Ọmọ mẹ́sàn-án ni mo bí. Kò sí kóró lára mi mọ́."

"Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi ẹ̀rọ mìíràn tẹ̀ yín pẹlẹbẹ bíi páánù."

"Ó máa bá ẹ̀yìn mi lára mu. Ó ti ń dùn mí látìgbà tí a ti ń ká òwú."

Oníwọ̀n di orí mú. "Bàbá, iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ mi o. Òkúta ni ọ̀gá bá nínú òwú tí mo wọ̀n lóṣù tó kọjá. Ṣáájú ìyẹn, bàtà ẹsẹ̀ kan ni. Ó ní tóun bá tún bá ohunkóhun tí kì í ṣe òwú, kí n máa lọ sílé. Ó sì ń bọ̀ báyìí."

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi bọ́ra."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Ṣebí ìwọ lo sọ fún àwa àgbẹ̀ lọ́jọ́sí pé ohun tí kì í ṣe òwú ò gbọdọ̀ wọnú àpò. Mo wo aṣọ ọrùn mi, kì í ṣe òwú, irú èyí tó ń yọ́ bí ọ̀rá tí iná bá kàn án ni. Mo bọ́ gbogbo ẹ̀ sílé. Mi ò fẹ́ bà ọ́ níṣẹ́ jẹ́."

"Ẹ wà níhòòhò?"

"Òwú tí mo bá níbí náà ò wọ nǹkan kan." Bàbá tún wọlé díẹ̀ sí i. "Wá aṣọ fún mi, n ó jáde."

"Kò sí aṣọ níbí."

Bàbá gbójú sókè wo àwọn àpò òwú tí wọ́n tò títí kan òrùlé. "Gbogbo eléyìí ńkọ́?"

"Òwú nìyẹn, kì í ṣe aṣọ."

"Ìgbà wo ló máa di aṣọ?"

"Tó bá dé òkè òkun."

"Ohun tí mo ti ń bá ẹ sọ nìyẹn."

Ọkọ̀ fọn fèrè níta. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí, ó sì tì.

"Ọ̀gá ti dé," ni Oníwọ̀n wí. Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó bọ́ ṣòkòtò, ó kó wọn lé Bàbá lọ́wọ́ pẹ̀lú fìlà. "Ẹ wọ̀ ọ́ kíá. Ẹ ṣe bí ẹni tó wá kí mi."

Bàbá wọ̀ ọ́, ó fa fìlà bojú. Ó wá wo Oníwọ̀n látòkè délẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

Oníwọ̀n ò tíì ronú débẹ̀. Bàtà ọ̀gá ti ń ró bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ló bá kó sínú àpò.

"Ẹ di ẹnu ẹ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Má sín o. Òwú kì í sín."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn mọ́ ẹnu àpò. Nǹkan kan dún fàà.

"Bàbá," àpò sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "kí ló dún yẹn?"

"Ṣòkòtò tìẹ náà ni. Tó o bá dé ọ̀hún, sọ fún wọn pé ẹjọ́ ti di méjì."