Mo-Ti-Mọ̀ Àti Gíà Ọkọ̀ Àna Rẹ̀

Àrùn kan wà tí dókítà kì í wò. Òun ni kí ẹnu ènìyàn má lè pe gbólóhùn kékeré kan: "N kò mọ̀." Kì í pani, ṣùgbọ́n ó máa ń dójú tini. Ó mú agégíláàsì kan ní àdúgbò wa, ó mú un tọwọ́tẹsẹ̀.

Ní ti gíláàsì, ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Bí ó bá wọn fèrèsé rẹ, èyí tí ó bá gé kò ní fi ìwọ̀n irun orí kan tóbi jù tàbí kéré jù. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, èmi ì bá má rí ìtàn sọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọkọ̀ ẹnì kan kú síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó jáde, ó fi ìka kan bátìrì, ó ní, "Orí bátìrì yín ló tú." Wọ́n dè é, ọkọ̀ dún. Ó parí! Láti ọjọ́ náà, kò sí ọkọ̀ tí yóò kọjá tí kò ní kó àìsàn bá. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́, yóò dẹ etí, yóò ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́!" Bí o bá sọ fún un pé mẹkáníìkì ti wò ó, yóò ní, "Mo ti mọ̀." Bí o bá ní ohun mìíràn ni mẹkáníìkì rí, yóò tún ní, "Mo ti mọ̀." Bí àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Mo-Ti-Mọ̀ nìyẹn. Bátìrì kan ṣoṣo ni ó fi jẹ oyè ọdún mẹ́ta!

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá ìyàwó rẹ̀. Ogójì ọdún ni bàbá náà fi ojú wọn ilẹ̀ fún ìjọba. Nígbà tí ó wá tó àkókò tí ó yẹ kí ó fi ojú náà wo àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, awọ funfun bo ẹyinjú méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ni ó ṣẹ́kù tí ó ń rí. Oṣù mẹ́jọ ni ó fi dúró kí ilé ìwòsàn tó fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ìwé tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ kò gùn: Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Ẹni tó bá pẹ́, ẹ̀yìn ìlà ni. Ẹ̀yìn ìlà náà sì ni oṣù mẹ́jọ mìíràn.

"N ó pe takisí," ni bàbá wí.

Mo-Ti-Mọ̀ fò dìde bí ẹni tí èèrà bù jẹ. "Takisí kẹ̀? Nígbà tí èmi wà láyé? Bàbá, ọkọ̀ yín tó wà nínú gáréèjì ńkọ́? Èmi fúnra mi ni n ó fi gbé yín lọ."

"Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí kò rìn, ọmọ mi. Kí n tó pa á tì pàápàá, gíà rẹ̀ ti ń ronú kó tó wọlé."

"Mo ti mọ̀, Bàbá. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ọkọ̀ náà jẹ́ irú èyí tó ń yan gíà fúnra rẹ̀. Awakọ̀ kàn máa fa ọwọ́ gíà sí ibi tó fẹ́ ni, ọkọ̀ yóò ṣe ìyókù. Ní ọjọ́ Ajé, Mo-Ti-Mọ̀ ṣáná sí i, ó fà á sí iwájú. Ọkọ̀ kò dáhùn. Ó ka ení, ó ka èjì, ó ka ẹ̀ta, gbì! Bí ìgbà tí ẹṣin bá tani nípàá. Nígbà tí ó dé títì, ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni tó ń gun òkè, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì ń rìn bí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó.

"Plọ́ọ̀gì ni," ni Mo-Ti-Mọ̀ wí. Ó pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbì!

"Fílítà epo ni." Ó pààrọ̀ fílítà. Gbì!

Ìyàwó rẹ̀ ti ń wò ó láti orí àtẹ̀gùn, ó gbé báàfù aṣọ tútù sí ẹ̀gbẹ́. "Bàbá àwọn ọmọ, gíà ló ń ṣàìsàn, ẹ́ńjìnnì lẹ̀ ń fún lóògùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ bá Màmá Gíà."

"Màmá Gíà wo? Kí ló mọ̀ tí n kò mọ̀?"

"Gíà," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì lọ sá aṣọ rẹ̀.

Màmá Gíà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ti tó ọgbọ̀n ọdún tí ó ti ń tú inú gíà. Kì í tún ohun mìíràn ṣe. Bí o bá gbé táyà tó jò lọ bá a, yóò na ìka sí oníṣẹ́ táyà tó wà ní òdìkejì títì. Nígbà tí Mo-Ti-Mọ̀ kò rí ohun mìíràn pààrọ̀ mọ́, ó gbé ọkọ̀ lọ bá a ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyá náà ní kí ó tẹ bírékì mọ́lẹ̀, kí ó fa gíà sí iwájú, kí ó wá fún un níná díẹ̀ bí ó bá ti ju bírékì sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ké. Ọkọ̀ kò mira.

"O ti wo epo gíà ẹ̀?"

"Ha, màmá! Ohun tí mo kọ́kọ́ wò nìyẹn." Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa ọ̀pá gééjì yọ bí ológun tó fa idà. "Ó kún dé ojú àmì. Ẹ wò ó!"

Màmá Gíà kò wò ó. "Gééjì ẹ́ńjìnnì nìyẹn."

"Mo ti mọ̀."

"Ti gíà ló wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́yìn páìpù."

"Mo ti mọ̀. Mo fẹ́ wò ó bóyá ẹ̀yin mọ̀ ni."

Àwọn oníbàárà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì fi ọwọ́ bo ẹnu. Màmá Gíà fa gééjì ti gíà yọ, ó nù ún sí aṣọ funfun kan. Epo tó yẹ kó pupa ti dúdú bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò ìdáná. "Gbóòórùn ẹ̀," ni ó wí. Mo-Ti-Mọ̀ gbóòórùn rẹ̀, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ìgbà tí aṣọ bá jó mọ́ áyọ́ọ̀nù ni ó ń run.

"Àwọn àwo tó ń di gíà iwájú mú ti jóná," ni Màmá Gíà wí. "Ti ẹ̀yìn ṣì lágbára díẹ̀, torí àwo tiẹ̀ yàtọ̀. Fi í sílẹ̀ níbí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Má sì gbé èèyàn sínú ẹ̀."

"Màmá, òórùn ọkọ̀ tó pẹ́ nílẹ̀ ni. Bó bá rìn díẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ."

Màmá Gíà wò ó títí. "Bí èmi bá wá bá ọ pé òkúta ni mo fẹ́ fi gé gíláàsì, kí lo máa sọ fún mi?"

Ẹ ò rí i? Bí agégíláàsì bá ní sípánà bí mẹkáníìkì, kò lè ní ọwọ́ dúdú bí mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin wa wọ ọkọ̀, gbì, ó lọ sílé.

"Kí ni Màmá Gíà wí?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ohun tí mo ti ń sọ náà ló sọ."

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Títí di àsìkò yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi ojú ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́ kí a má baà mọ̀ pé òun kò mọ̀, àwàdà ti tán nínú rẹ̀. Èké ni. Mo ti sọ tèmi, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyàwó ti wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lọ gba nọ́ńbà sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Ní aago mẹ́jọ, Mo-Ti-Mọ̀ gbé àna rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó sì gbéra. Wọ́n kọjá ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n dé ìdí òkè kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni gíà iwájú ti dágbére fáyé. Kò tilẹ̀ ṣe gbì mọ́. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ dúró gbagidi.

"Kí ló dé tá a dúró, ọmọ mi?"

"Mo ní kí ẹ́ńjìnnì mí díẹ̀ ni, Bàbá."

Ó fa gíà kékeré, kò gbọ́. Ó fa gíà àárín, kò gbọ́. Ó bú u, ó bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ó wo títì, kò rí takisí kankan. Ní ìkẹyìn, ó fa gíà sí ríbáàsì. Wúyẹ́! Ọkọ̀ ta kìjí bí ọmọ tí wọ́n pè wá jẹun.

Àwọn àgbà ní iwájú iwájú ni ọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pá ẹ̀bìtì kò lo gíà. Mo-Ti-Mọ̀ yí ìdí ọkọ̀ sí ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó na apá sẹ́yìn ìjókòó kejì, ó lọ́ ọrùn rẹ̀ wo ẹ̀yìn, ó sì fi ẹ̀yìn gun òkè náà.

"Ọmọ mi."

"Ẹ̀n, Bàbá."

"Ó dà bí ẹni pé ojú rẹ ni òjìji tí mò ń rí yìí."

"Èmi ni, Bàbá."

"Ẹni tó ń wakọ̀ kì í kọjú sí èrò."

"Ha! Àna mi lẹ jẹ́ o! Kí n kẹ̀yìn sí yín láti ilé dé ilé ìwòsàn? Wọn kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé."

"Àna tèmi kú kó tó rí irú ọ̀wọ̀ báyìí," ni ó wí.

Ọkọ̀ búrẹ́dì kan wá bá wọn lẹ́yìn, tàbí kí n sọ pé níwájú. Imú kan imú. Awakọ̀ rẹ̀ rò pé wọ́n ń bọ̀ wá kọlu òun, ó fọn fèrè títí fèrè fi há. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń rìn létí títì rí wọn, gbogbo wọn yí padà, wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń juwọ́. Ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ ní oríta sì dá wọn dúró.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ilé ìwòsàn ni, ọ̀gá."

Ọlọ́pàá wo iwájú ọkọ̀, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wo ọrùn Mo-Ti-Mọ̀. "Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ni ó wí, ó sì dá gbogbo títì dúró fún wọn.

"Ọmọ mi," ni bàbá tún wí, "láàárọ̀ báyìí, bí a bá ń lọ sílé ìwòsàn, iwájú ni oòrùn ti máa ń wọlé bá mi. Lónìí, ẹ̀yìn ọrùn ló ti ń jó mi."

"Oòrùn ayé ìsinsìnyí, Bàbá, kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé."

"Ogójì ọdún ni mo fi wọn ilẹ̀. Oòrùn kò yí padà fún mi rí," ni bàbá wí.

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Aṣọ́nà rí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó kọjú sí títì, ó bẹ́rí. "Ó dàbọ̀ o! Ẹ bá wa kí wọn nílé!"

"Mò ń wọlé ni!"

"Ẹ̀ ń jáde ni, ọ̀gá. Ọ̀nà àbájáde wà lápá kejì."

"Mo ní mò ń wọlé!"

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣọ́ ibí. Mo mọ iwájú ọkọ̀."

"Bí àwọn ọkọ̀ tuntun ṣe ń wọlé nìyẹn!"

Aṣọ́nà wo ọkọ̀ náà. Ó dàgbà ju géètì lọ. "Kò burú. Ẹ yí i padà, kẹ́ ẹ fi iwájú wọlé bí èèyàn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò ní ṣí i."

Mo-Ti-Mọ̀ fọn fèrè. Ní àkókò náà ni ìyàwó rẹ̀ sáré jáde, ó di bébà kékeré kan mú lọ́wọ́.

"Ẹni tó ṣáájú wa ló wà nínú yàrá! Bí wọ́n bá pè wá tá ò jẹ́, ó tán nìyẹn! Kí lẹ̀ ń ṣe níbí? Kí ló dé tẹ́ ẹ kọjú síta?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tiwa yìí kò tilẹ̀ lo ọjọ́ mẹ́ta. Kí ló fẹ́ fi sáré, nígbà tí kò ní gíà iwájú? Ọkùnrin náà pa ẹ́ńjìnnì. "Gíà iwájú ti kú," ni ó wí. "Ríbáàsì nìkan ló kù. Màmá Gíà sọ fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé n kò gbọdọ̀ gbé èèyàn sínú ẹ̀."

"Ẹ ní ohun tẹ́ ẹ sọ náà ló sọ!"

"Mo parọ́."

Ìyàwó fẹ́ dáhùn, aṣọ́nà fẹ́ béèrè, ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá ṣí. Bàbá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Ẹ̀yin ẹ máa bá ẹjọ́ yín lọ," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ tèmi kò lo gíà."

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú méjì ni ó jókòó síwájú dókítà.

Mo-Ti-Mọ̀ ni ó fi fóònù ara rẹ̀ pe Màmá Gíà. Nígbà tí ìyá náà gbé ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ dé, ó yí ọkọ̀ bàbá po, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. "Ohun kan wà tó o ṣe dáadáa," ni ó wí.

Ojú Mo-Ti-Mọ̀ tàn. "Kí ni, màmá?"

"O ti bá mi kọjú ẹ̀ síta. Kò ní nira láti fà."

Ní ọ̀sán, wọ́n mú bàbá jáde. Iṣẹ́ abẹ ojú kìíní ti yọrí sí rere, wọ́n sì ti fi báńdéèjì bò ó. Mo-Ti-Mọ̀ dúró tì í láti fà á lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ tó ti lọ́ láti àárọ̀ ti há síbẹ̀. Àyà rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ kọjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì kan ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn dé. Ó wo bàbá tó nà ró ṣánṣán. Ó wo èkejì.

"Ẹ má bínú, ta ni kí n gbé nínú yín?"

"Èmi ni wọ́n di lójú, ọmọ mi," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n òun ni kẹ́ ẹ gbé. Òun ni kò rí iwájú."