Idà tí Kurahashi Fọ̀

Bí ẹ bá ti dé ìlú Seki rí, tí ẹ ò sì gbọ́ orúkọ Kurahashi Tomosaburo, a jẹ́ pé etí yín ló di. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ki ara rẹ̀. Kurahashi, ọmọ akọni! Kurahashi, àrọ́mọdọ́mọ ajagun-má-bojú-wẹ̀yìn! Bó bá fẹ́ ra ẹyin mẹ́ta péré, á kọ́kọ́ sọ fún ọlọ́jà pé orí ẹṣin ni bàbá ńlá òun ti ń jagun.

Ẹ̀rí wo ló ní? Idà kan ni, tó wà nínú àpótí lókè àjà. Ẹnu rẹ̀ ti fọ́ níbì kan bí eyín ọmọ ọdún méje, ara rẹ̀ sì ti ṣú. Kurahashi fẹ́ kí ọ̀gá Ugaki, tó ń pọ́n idà àtijọ́ nílùú wa, tún un ṣe. Owó wo ni yóò fi san án? Owó tí Sumie ìyàwó rẹ̀ kó jọ láti fi tún òrùlé wọn ṣe.

“Bàbá Kazue, òjò ti wọ ìkòkò ìrẹsì wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí.”

“Òjò pa àwọn bàbá ńlá mi lójú ogun, wọn ò sunkún.”

“Wọ́n dé akoto. Èmi, abọ́ ni mo dé sórí sùn lánàá.”

Ni wọ́n bá jọ ṣàdéhùn lójú gbogbo ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ olólùfẹ́ idà. Bí ọ̀gá Ugaki bá ní idà náà yẹ ní títúnṣe, idà ló lowó. Bó bá ní kò yẹ, òrùlé ló lowó. Kurahashi gbà wéré. Ta ló fẹ́ kọ idà ọmọ akọni?

Ọjọ́ pé, a kún gbọ̀ngán tẹ́ńpìlì bámúbámú. Èmi wà ní ìlà kejì, mi ò fẹ́ kí nǹkan kan fò mí.

Láàárín tiwa, ẹnikẹ́ni kì í la ẹnu lórí idà tí wọ́n bá ti yọ lákọ̀, torí itọ́ a máa ba irin jẹ́. Bébà funfun lẹni tó mú un lọ́wọ́ máa ń fi ètè dì mú. Ọ̀gá Ugaki fi tirẹ̀ sẹ́nu, ó yọ idà. Kurahashi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: “Ẹ wò ó! Idà yìí gan-an ni bàbá ńlá mi...” Itọ́ ń ta pàràpàrà. Ọ̀gá Ugaki ò bá a jiyàn. Ó fa bébà mìíràn yọ, ó fi dí i lẹ́nu. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú lórí ẹní.

Ọ̀gá yẹ idà wò títí, ó gbé e sórí aṣọ, ó yọ bébà ẹnu rẹ̀.

“Irin yìí dáa. Ibi tó fọ́ yìí, kékeré ni. Mo lè pọ́n ọn tán.”

“Mmm! Mmm!” ni Kurahashi ń wí, ó ń na àtàǹpàkò sí wa. Sumie doríkodò.

Ọ̀gá wá yọ èèkù kúrò kó lè wo ìdí idà tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ìdí idà ń dán yanran bí ṣíbí tuntun.

“Ta ló fọ ibí?”

Kurahashi tu bébà dànù. “Èmi ni! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Kànìnkànìn irin, omi kíkan, ọṣẹ! Gbogbo ìdọ̀tí irinwó ọdún, mo bó o kanlẹ̀!”

Yéè! Ọmọdé Seki mọ̀ pé wọ́n máa ń pọ́n ara idà, wọn kì í fọwọ́ kan ìdí rẹ̀.

“Ìdógùn-ún yẹn ló ń jẹ́rìí ọjọ́ orí idà,” ni ọ̀gá wí. “Nígbà tó o gbé e wá hàn mí nígbà ìrúwé, mo kìlọ̀ fún ọ pé kó o má fọwọ́ kàn án.”

“Mo rò pé ẹ̀ ń jowú ni.”

Sumie gbé orí sókè. “Ọ̀gá, ṣó yẹ ní títúnṣe?”

“Nígbà ìrúwé, ó yẹ. Ní báyìí, kò yẹ mọ́, ìyá. Ta ló máa gbà pé àtijọ́ ni?”

“Ìdílé mi lẹ̀rí!” Kurahashi fò dìde. “Sumie, sọ ẹni tí bàbá ńlá mi jẹ́ fún wọn!”

“Ṣé kí n sọ ọ́?”

“Sọ ọ́! Kí ìlú gbọ́!”

“Wàrà sóyà ló ń tà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ìyá yín ló sọ fún mi kí wọ́n tó kú. Oníirin àlòkù ló gbé idà yìí wá, bàbá yín àgbà sì fi wàrà sóyà mẹ́fà pààrọ̀ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bò yín láṣìírí.”

Ẹ̀rín bú! Olórí ẹgbẹ́ wa rẹ́rìn-ín títí tí abẹ̀bẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kurahashi mú bébà tó tu dànù nílẹ̀, ó dá a padà sẹ́nu.

Sumie nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Nezu káfíńtà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ gbé àkàsọ̀ wá láàárọ̀ ọ̀la. Bàbá Kazue á bá yín di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.”