Kíláàsì Tó Ń Dàgbà Sísàlẹ̀

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí alábẹ̀wò wọlé. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí òun ò bá rí i pé àwọn ọmọ ń fi kọ̀ǹpútà kẹ́kọ̀ọ́ gidi, òun á kó kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Àǹtí Kọ̀ǹpútà, olùkọ́ ọ̀dọ́ tó bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n tó kó kọ̀ǹpútà náà fún wọn, ṣí ṣíìtì inú kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn kọ: orúkọ ní òpó kìíní, ọjọ́ orí ní ìkejì, gíga ní ìkẹta. Ó rí i pé iye inú ẹ̀ ti yí padà. Ó yíjú sí olùkọ́ kíláàsì náà, àgbàlagbà tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní Bàbá Létòlétò, tó ń to ṣọ́ọ̀kì sínú páálí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fọwọ́ kan ṣíìtì yìí?"

"Èmi ni. Má wulẹ̀ dúpẹ́."

"Kí lẹ ṣe sí i?"

"Mo tò ó ni. Ọmọ mi, ó rí wúruwùru! Gíga lókè, kúkúrú lábẹ́ ẹ̀, gíga míì tún dé. Mo bá tẹ bọ́tìnì tí o fi hàn mí. Kúkúrú bọ́ síwájú, gíga bọ́ sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń tò láàárọ̀."

"Òpó gíga nìkan?"

"Ṣé mo jọ aláìmọ̀kan ni? Mo to ọjọ́ orí náà."

"Báwo lẹ ṣe tò ó?"

"Àgbà ló ń ṣáájú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ò gbọdọ̀ jókòó lé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lórí lójú mi."

"Orúkọ wọn ńkọ́?"

"Ìyẹn ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀. N ò dà á láàmú."

Àǹtí Kọ̀ǹpútà tẹ bọ́tìnì gíráàfù. Ìlà pupa kan bẹ̀rẹ̀ lókè téńté, ó sì ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Ẹ to òpó kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, gíga ọmọ kan ti bọ́ sára ọmọ míì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ga jù. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń kúrú."

Bàbá ti awò ojú rẹ̀ sókè. "Ìlà yẹn mà gún o."

"Bàbá! Ó ku díẹ̀ kí ọmọ ọdún méjìlá wọlẹ̀ tán!"

"Ó dáa, dá a padà sí bó ṣe wà."

"Ṣé ẹ ò tíì fi pamọ́?"

"Mo fi pamọ́, mo pa á, mo sì nu ojú ẹ̀ mọ́ tónítóní."

Bàtà ń dún bọ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀. Àǹtí Kọ̀ǹpútà mí kanlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ mọ ara wọn. Ká ní kí wọ́n wá àṣìṣe inú ẹ̀ jáde lójú alábẹ̀wò. Ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn."

"Kí wọ́n máa wá àṣìṣe olùkọ́ wọn lójú àlejò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Bí wọn ò bá sì rí i, kọ̀ǹpútà ti lọ nìyẹn."

Bàbá de bọ́tìnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ó sì kọjú sí ilẹ̀kùn.

"Bí wọn ò bá rí i, fi alábẹ̀wò sílẹ̀ fún mi. Màá ní ọdọọdún la ń kó ìmọ̀ lé wọn lórí, ẹrù ọ̀hún ló ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀."