Ọkọ̀ Bàbá Paná Ń Hó

Bàbá Paná wa ọkọ̀ rẹ̀ dé ìsọ̀ mẹkáníìkì, èéfín ń rú lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ojú sì ń kán an bí nǹkan míì. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bímọ, ọsibítù ti ní kó máa lọ sílé lónìí. Ọmọbìnrin náà ti sọ ọ́ gbangba pé nínú oòrùn yìí, òun ò ní gbé ọmọ tuntun wọ ọkọ̀ tí kò bá ní éèsì tó ń mú inú ẹ̀ tutù. Àna Bàbá, ìyẹn bàbá tó bí ìyàwó, ní ọkọ̀ tó ní éèsì, òun náà sì ti ń múra láti lọ gbé wọn. Àdéhùn wọn ni pé ilé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọsibítù ni ọmọ ń lọ. Ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ sì rèé o, ọ̀rọ̀ kì í ṣe eré rárá.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ni mẹkáníìkì wí. Ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò tó dọ̀tí ju ọwọ́ náà lọ. "Ẹ má sọ nǹkan kan. Mo ti mọ ohun tó ń ṣe é."

"O ò tíì ṣí i."

"Èmi kì í ṣí ọkọ̀ kí n tó mọ àìsàn ẹ̀. Ìró ẹ̀ ni mo máa ń gbọ́." Ó fi etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì jó o létí, ó yára gbé orí kúrò. "Omi ni. Omi ti tán nínú ẹ̀."

"Mo bu omi sí i láàárọ̀. Ó kún dé ẹnu."

"Mo mọ̀ pé ó kún. Ó kún, àmọ́ kò rìn. Pọ́ọ̀ǹpù tó ń ti omi káàkiri ti kú."

"Tí mi ò bá tan éèsì, mo lè wà á dé ìlú kejì, kò ní hó. Ìgbà tí mo bá tan éèsì nìkan ló ń hó. Ṣé pọ́ọ̀ǹpù máa ń mọ ìgbà tí mo tan éèsì ni?"

Mẹkáníìkì họ orí.

"Ẹ ẹ̀ rí i pé ibi tí mò ń bọ̀ nìyẹn. Éèsì gan-an ló burú. Ó ti wúwo jù fún ẹ́ńjìnnì. A máa yọ ọ́ kúrò."

"Kí n yọ éèsì kúrò, kí n lè lo éèsì?"

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀."

"Èmi ti fara balẹ̀. Àna mi ni kò fara balẹ̀. Àfàìmọ̀ kó má ti wà lójú ọ̀nà ọsibítù tí a ti fẹ́ gbé ọmọ-ọmọ wa báyìí."

Nígbà tí mẹkáníìkì kò rí ọgbọ́n mìíràn dá mọ́, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó dúró kí ara ọkọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ó ní kí Bàbá wọlé, kó ṣáná sí i, kó tan éèsì. Bàbá tàn án. Atẹ́gùn tútù fẹ́ sí i lójú, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó rò ó bí ọmọ náà ṣe máa sùn fọnfọn nínú rẹ̀.

"Kí lẹ ń gbọ́?" ni mẹkáníìkì béèrè.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ẹ wo fáànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀ yìí. Tí éèsì bá ti tàn, òun náà gbọ́dọ̀ máa yí. Ó ti jóná. Irú ẹ̀ ò sì sí mọ́ láyé yìí."

"Kò jóná."

"Ta ni mẹkáníìkì nínú àwa méjèèjì?"

"Ìwọ ni. Àmọ́ kò jóná. Èmi ni mo pa á."

Mẹkáníìkì nàró. "Ẹ pa á báwo?"

"Mo fa wáyà ẹ̀ yọ. Ó ń pariwo, ó sì ń jẹ bátìrì lásán. Éèsì ti tàn, kí la tún ń fi fáànù ṣe? Nílé mi, ẹni tó bá tan éèsì tí kò pa fáànù, èmi àti ẹ̀ la máa jọ fà á."

Wọn ò sọ ọ́ ní Bàbá Paná lásán. Nínú ilé rẹ̀, ẹni tó bá dìde láti pálọ̀ lọ bu omi mu, òkùnkùn ló máa bá tó bá padà dé.

Mẹkáníìkì jókòó sórí táyà kan. "Bàbá, fáànù ilé, èèyàn ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Eléyìí, ẹ́ńjìnnì ló wà fún. Gbogbo ooru tí éèsì ń kó kúrò lára yín nínú ọkọ̀, iwájú níbí ló ń dà á sí. Tí fáànù ò bá fẹ́ ẹ dànù, ẹ́ńjìnnì ló ń jìyà ẹ̀."

Ojú ti Bàbá, àmọ́ kò jẹ́ kó hàn. "Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ látìgbà tí mo ti dé?"

"Ṣé ẹ sọ fún mi pé ẹ fa wáyà yọ ni?"

"O ní kí n má sọ nǹkan kan."

Mẹkáníìkì dìde. Ó ki wáyà bọ àyè rẹ̀, fáànù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké kíkankíkan. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ọwọ́ aago tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn. Éèsì ń fẹ́, ọwọ́ náà dúró láàárín, kò gòkè. Inú Bàbá dùn dé gongo.

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyàwó rẹ̀ ni. Bàbá ń tẹ́tí, ó ń sọ pé "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n," títí ó fi rọra ti fóònù bọ àpò.

"Ṣé àna yín ti dé ọsibítù ni?"

"Kò tíì dé. Ẹ̀gbẹ́ títì ló wà. Wọ́n ní ọkọ̀ ẹ̀ ń hó."

"Òun náà? Kí ló ṣe tiẹ̀?"

Bàbá Paná wolẹ̀. "Ìjẹta ló wá kí wa. Ariwo fáànù ọkọ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo bá a fa wáyà ẹ̀ yọ."

"Ó mọ̀?"

"Ó tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Mẹkáníìkì di inú mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ yáa pè é, Bàbá. Kó kàn ki wáyà yẹn padà ni. Kò ní pẹ́ tó fi máa gbéra."

Bàbá Paná ti jókòó sínú ọkọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó mú fóònù jáde, ó wò ó títí, ó sì pa á.

"Màá pè é," ló wí. "Jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ sùn nílé mi ná."