Àpótí Tó Lọ Wo Òkun

Lánàá, kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹjọ́ kan wọ ààfin tí mi ò rò pé mo lè rí irú ẹ̀ láyé. Ìyá ìyàwó ló pe ọkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá yìí. Ìdajì àwa tá a jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló gbà wá sáyé. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ń ṣe akọ̀wé ní ibùdókọ̀. Òun là ń pè ní Ó-ku-ẹnìkan, nítorí bí ọkọ̀ tilẹ̀ ṣófo, ohun tó máa ń ké sí èrò ni pé ó ku ẹnìkan kó kún; ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fi irọ́ kan ṣoṣo yẹn jẹun.

Dókítà ojú ti sọ fún ìyá pé ojú rẹ̀ méjèèjì ń ṣú lọ, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi ṣú pátápátá. Ìyá ní ó dáa, ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ náà, òun fẹ́ rí àárín òkun, níbi tí omi kò ti ní etí. Àwọn ọmọ rẹ̀ dáwó jọ, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn méjì nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó ń gbé èèyàn lọ gbafẹ́ fún ọjọ́ méje. Ta ni yóò ṣètò ìrìn àjò? Ó-ku-ẹnìkan fọwọ́ sọ̀yà. Ó ní ẹni tó ti ń kó èèyàn wọkọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, ìrìn àjò wo ló máa rú u lójú? Ó ní òun gan-an lòun yóò tẹ̀ lé Màmá lọ. Ọ̀gá ìrìn àjò, tí kò wọ ohun tó ju bọ́ọ̀sì lọ rí.

Kábíyèsí bi ìyá pé kí ló wá ṣẹlẹ̀.

"Kábíyèsí, àpótí mi lọ. Èmi ò lọ."

"Àpótí lọ síbo?"

"Ó lọ wo òkun. Ọjọ́ méje ló lò níbẹ̀. Ó sùn sínú yàrá mi nínú ọkọ̀, lẹ́bàá fèrèsé mi. Ìjẹta ni wọ́n dá a padà."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Aṣọ mi. Àti oògùn ojú tí dókítà ní n kò gbọdọ̀ fò lọ́jọ́ kan."

Wọ́n ní kí olùjẹ́jọ́ wí tẹnu rẹ̀. Ó dìde, ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ní ohun tí ẹni tó mọ ìrìn àjò ń ṣe lòun ṣe. Ní ibùdókọ̀, ẹni tó bá fẹ́ gba àyè yóò gbé báàgì sórí ìjókòó, yóò sì lọ wá nǹkan jẹ. Dírẹ́bà kan kì í gbé báàgì lọ láìgbé ẹni tó ni ín. Ìdí nìyẹn tóun fi ní kí wọ́n gbé àpótí lọ sí èbúté láàárọ̀, kó lọ gba àyè.

"Ta ló sọ fún ọ pé ọkọ̀ yẹn ń dúró de èèyàn?" Kábíyèsí bi í.

"Kábíyèsí, mo ti lọ wò ó fúnra mi. Ọkọ̀ náà tóbi tó àdúgbò kan. Mo ṣírò ẹ̀ dáadáa: irú ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ò ní í kún."

Ẹ gbọ́ o. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà.

Nígbà tó rí i pé ojú àwọn ìjòyè le, ó yí ohùn padà. Ó ní táyà tún bẹ́ lójú ọ̀nà, ti ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ dírẹ́bà wọlé láti ìta, kó wá jẹ́rìí. Ìyẹn ní òótọ́ ni, táyà bẹ́, ti iwájú, lọ́wọ́ òsì. Wọ́n sọ èyí tí olùjẹ́jọ́ wí fún un. Ó wojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní bóyá méjèèjì ló bẹ́. Ìjòyè kan bi í pé báwo wá ni ọkọ̀ ṣe rìn dé èbúté. Ó ní òun ò lè sọ, pé ọkọ̀ òun wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ́jọ́ náà.

Ìyàwó Ó-ku-ẹnìkan, ọmọ ìyá, ló kàn. Ó kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, ilé onígbàjámọ̀ ni ọkọ mi wà lọ́jọ́ náà. Láti aago méje àárọ̀ ni Màmá ti wọ bàtà, wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n gbé báàgì ọwọ́ lé itan. Nígbà tó di aago méjì, wọ́n bi mí bóyá ọkọ mi ti kú."

Ó wá fa ìwé kan yọ, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ fún wọn mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ rẹ̀ ti ká a ní mẹ́rin, ó fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Ó kà á sí wa létí. Ẹ dé ìlú èbúté nígbà tó bá ku ọ̀la kí ọkọ̀ gbéra, kẹ́ ẹ sùn síbẹ̀. Bó bá ti ku wákàtí méjì, a ó ti ilẹ̀kùn. Oògùn, ìwé ìrìnnà àti aṣọ kan, ẹ kó wọn sínú báàgì ọwọ́, ẹ má fi wọ́n sínú àpótí. Gàdàgbà gadagba ni wọ́n kọ ọ́. Ọmọdé ọdún mẹ́jọ á kà á, á yé e.

"Kábíyèsí, ìwé pọ̀ láyé," Ó-ku-ẹnìkan wí. "Béèyàn bá ń ka gbogbo ẹ̀, ìgbà wo ló máa rìn?"

Àwa kan rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín.

"Lọ́jọ́ tá a débẹ̀," ó ní, "mo ṣì rí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà bó ṣe ń lọ. Ó funfun. Lónìí, Kábíyèsí, ohùn yín ni mo fi mọ ibi tẹ́ ẹ jókòó sí."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ dìde sí ọkùnrin náà.

Kábíyèsí àti ìjòyè forí korí, wọ́n sì dájọ́. Ọkọ̀ mìíràn ń lọ lọ́jọ́ kọkànlá òní. Ó-ku-ẹnìkan yóò ta alùpùpù rẹ̀, yóò fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Òun àti ìyá yóò ti dé èbúté nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì kí ọkọ̀ gbéra. Ọrùn rẹ̀ ni oògùn ojú yóò wà, bí ìlẹ̀kẹ̀.

"Bẹ́ ẹ bá dé àárín òkun," Kábíyèsí wí, "ẹ̀gbẹ́ Màmá ni wàá jókòó. Gbogbo ohun tí ojú wọn ò bá rí, ẹnu rẹ ni yóò fi hàn wọ́n, láti ìgbà tí wọ́n bá jí títí wọn yóò fi sùn, fún ọjọ́ méje. O ò gbọdọ̀ purọ́. O ò sì gbọdọ̀ fo nǹkan kan."

Ó-ku-ẹnìkan dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, omi lásán ló wà níbẹ̀. Kí ni n ó máa sọ fún odidi ọjọ́ méje?"

"Omi lásán yẹn náà lo fi dù wọ́n. Máa sọ ọ́ fún wọn."

Ìyá ń táràrà wá ọ̀pá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ọmọ rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Ó kọjú sí ibi tó ti ń gbọ́ ohùn ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń jí," ó ní. "Tètè máa wá ọ̀rọ̀ jọ."