Orúkọ Jethro Lẹ́yìn Agatha

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Olóyè Aníwúrà lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ẹ̀yìn obìnrin ló dá a sílẹ̀. Lucas, àgbẹ̀ kan tó ń gbé láàárín ìlú Òkìtìpupa, ló pe Jethro kọ̀ǹgílá lẹ́jọ́ pé ó kọ orúkọ rẹ̀ sára ìyàwó òun.

Jethro yìí ló ra ilẹ̀ lẹ́bàá ojúde àdúgbò wọn, tó fẹ́ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀. Olóyè àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní kò burú, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ilé náà yóò ti gba atẹ́gùn mọ́ àdúgbò lọ́wọ́, kí ó fi owó ara rẹ̀ tún ojúde ṣe fún gbogbo ènìyàn. Jethro sì ṣe é dáadáa. Ó la gọ́tà, ó gbin igi, ó fi sìmẹ́ǹtì mọ àwọn àga gbọọrọ tó ṣeé fẹ̀yìn tì. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ó kọ JETHRO gàdàgbà sí ibi ìfẹ̀yìntì àga kọ̀ọ̀kan, àwọn lẹ́tà náà sì yọ síta bí egungun ìhà màlúù.

Agatha, ìyàwó Lucas, a máa gún gbágùúdá rírẹ ṣe púpurú tà, ẹ̀yìn a sì máa dùn ún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló lọ fẹ̀yìn ti àga yìí, ni oorun bá gbé e lọ. Ó délé, ó ní kí ọkọ òun bá òun fi àdín pa ẹ̀yìn. Lucas rí ohun tó wà níbẹ̀, ó gbé àdín sílẹ̀, ó ká ẹní rẹ̀, ó di pálọ̀. Láti ìgbà náà kò fẹnu kan oúnjẹ obìnrin náà mọ́, kò sì bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó dùn ún jù ni pé òun tí òun fẹ́ ẹ kò kọ nǹkan kan sí i lára rí.

"Ṣé ó dá ọ lójú pé orúkọ Jethro ni?" Olóyè bi í.

"Ó dá mi lójú, Baba. Ó kọjú sódì, ni mo bá fi dígí tí mo fi ń fá irùngbọ̀n wò ó. Jethro ni."

Wọ́n ní kí Jethro wí tẹnu rẹ̀. Ó tún fìlà dé, ó ní òun kò fọwọ́ kan ìyàwó ẹnikẹ́ni.

"Àga ni mo kọ orúkọ sí. Ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ ló wá bá orúkọ mi níbi tó wà. Àti pé, gbogbo ohun tí owó mi bá tún ṣe, orúkọ mi gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ bi Agatha bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ kò ti sàn sí i."

Gbogbo ojú yí sí Agatha. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó ní ó ti sàn sí i. Lucas di ojú rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí Jethro ni Lérè, tíṣà tó háyà yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má fi ìwé kíkà ṣeré, kì í ṣe Jethro ló ń hàn lẹ́yìn ènìyàn.

"ORHTEJ ni. Kò sì sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láti Òde-Ayé títí dé Ìjù-Odò."

Olóyè bi í pé ẹ̀yìn ta ló ti rí i. Lérè yára ní kì í ṣe ti Agatha, ti ara òun ni, nínú dígí.

"Nínú dígí, kí lo kà?"

Tíṣà rẹ ohùn sílẹ̀. "Jethro, Baba."

Ó kan Màmúdù télọ̀, ẹlẹ́rìí Lucas. Òun kò fẹ́ kí Jethro kọ́lé síbẹ̀ rárá, ó sì búra pé òun kò jókòó sórí àwọn àga náà rí. Olóyè ní kó bọ́ bùbá. Orúkọ Jethro wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan gun orí èkejì. Màmúdù ní bóyá àrùn tó ń ràn ni. Lucas wo ẹ̀yìn télọ̀ náà pẹ́, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀.

Ìgbìmọ̀ wọlé lọ, wọ́n jáde.

"Jethro," Olóyè wí, "o ní ohun tí orúkọ rẹ bá wà lára rẹ̀, ìwọ lo tún un ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba."

"Ó dára. Ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ bá wà lára rẹ̀ ti di ará ilé rẹ. Ìwọ ni yóò máa bọ́ ọ láàárọ̀ àti lálẹ́, títí orúkọ náà yóò fi parẹ́ lára rẹ̀." Ó rí i pé Lucas fẹ́ sọ̀rọ̀. "Ìyàwó Lucas ṣì ni ìyàwó Lucas. Oúnjẹ nìkan ni mo sọ."

Kí Jethro tó rí bàtà rẹ̀, ààfin ti ṣófo. Nígbà tó fi dé ojúde, àwọn àga ti kún. Màmúdù kò tún bùbá wọ̀ mọ́, Lérè ń wá àyè láti rá pálá wọlé. Jethro sáré mú òòlù àti irin, ó ń ṣán orúkọ ara rẹ̀ kúrò lára sìmẹ́ǹtì, ó ń bẹ àwọn tó jókòó pé kí wọ́n jọ̀ọ́ dìde, kò sì sí ẹni tó dìde.

Agatha wà lórí àga tó kángun sí gọ́tà, ó di ojú, ó fẹ̀yìn tì í gbagidi. Lucas wá dúró níwájú rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun ló ti ń jẹ láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì gbà á mọ́.

"Ìyá Rose," ó fi orúkọ ọmọ wọn pè é, "sún díẹ̀."

Obìnrin náà sún. Lucas bọ́ ẹ̀wù, ó jókòó tì í, ó sì fi gbogbo agbára fẹ̀yìn tì.